Ìpàdé Aago Méje

Ní Båtsfjord, oòrùn ti wọlé láti ìparí oṣù kọkànlá,
kò tíì padà yọ.
Iná ilé-iṣẹ́ ẹja nìkan ló mọ́lẹ̀ sójú omi.
Aago méje òwúrọ̀, òkùnkùn ṣú bí òru,
a yí Ragnhild ká nínú bàtà rọ́bà,
òórùn ẹja lára wa, ife kọfí lọ́wọ́ wa.
Ó ní, "Láti òní lọ, bẹ́líìtì yóò yára sí i:
ogójì ẹja ní ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe ọgbọ̀n mọ́.
Ta ló ní ohun tó fẹ́ sọ?"
Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.
Ẹnikẹ́ni ò fọhùn.
Ó rẹ́rìn-ín, ó fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀:
gbogbo wọn gbà.

Èmi tí mò ń wọn àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn,
mo ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn bí ẹni ń ka owó,
kò pé iye kan náà lọ́wọ́ ẹni méjì.

Ti Sivanesan, láti Jaffna ló ti gbé e wá,
láti inú ilé tí ọmọ kì í ti í tún ọ̀rọ̀ bàbá ṣe
lójú àlejò.
Láti ìjẹta ló ti ń gbọ́ bẹ́líìtì náà,
tó ń payín keke bí ẹni tí àlá ń dà láàmú.
Ó ń retí kí ọ̀gá kọjá lẹ́bàá òun,
kó rọra sọ ọ́ sí i létí.
Ọ̀gá ò kọjá.

Ti Daiva: ó ti sọ òtítọ́ rí nínú ìpàdé, ní Klaipėda.
Ọjọ́ Ẹtì ló sọ ọ́.
Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, orúkọ rẹ̀ ò sí lára ògiri mọ́.

Odd-Arne ńkọ́, ọmọ ibẹ̀ gan-an,
tó ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nídìí ọ̀bẹ?
Òun ò bẹ̀rù ẹnì kankan.
Ó kàn rò pé ẹni tí nǹkan bá ń dùn yóò ké bí òun;
wọn ò ké, a jẹ́ pé kò dùn wọ́n.

Ragnhild fúnra rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú,
ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn.
Bàbá rẹ̀ pàṣẹ nínú ọkọ̀ ìpẹja títí ó fi kú,
kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun.
Ọmọ búra pé òun yóò máa béèrè.
Ó sì béèrè.
Kò mọ̀ pé ibi tí a ti bèèrè ọ̀rọ̀ wà lára ọ̀rọ̀.

Ní Ọjọ́rú, bẹ́líìtì já.
Ó fa ìbọ̀wọ́ Daiva wọlé, ó fa èékánná ìka àárín tẹ̀ lé e.
Ẹ̀jẹ̀ lórí yìnyín.
Gbogbo ẹ̀rọ pa rọ́rọ́, ìgbà náà ni Sivanesan lanu:
"Mo mọ̀." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ojú nílẹ̀.
Odd-Arne yíjú sí i: "O mọ̀, o ò sì sọ?"
"Ẹnikẹ́ni ò bi mí."
"Wọ́n bi gbogbo wa!"
"Orúkọ mi kọ́ ni Gbogbo Wa."

Wọ́n ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.
Lọ́jọ́ yẹn, tiwa lọ bá Daiva lọ́wọ́.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
Ìpàdé aago méje ṣì wà; Ragnhild fẹ́ràn ìwé rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́fà ààbọ̀, kí wọ́n tó tan iná ńlá,
mo máa ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sivanesan pẹ̀lú ọ̀bẹ,
ó ń la ẹja lọ́nà tí ojú ń tì mí láti wò,
kò béèrè nǹkan kan.
Ẹja kẹta. Ẹja kẹrin.
Nígbà tí wọ́n dé ìkẹsàn-án, Sivanesan wúkọ́:
"Nọ́ọ̀tì abẹ́ ibẹ̀ yẹn, ọ̀gá..."

Daiva padà dé lánàá.
Ní ìpàdé, Ragnhild ní, "Ogójì ni, àbí ọgbọ̀n?"
Daiva gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì sókè,
kò sọ nǹkan kan.
Ragnhild gbé bírò kúrò lórí ìwé.
Ó dúró.
A dúró.
Kọfí ń tutù lọ́wọ́ wa,
níta, etí òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀.